Kí Wọ́n Ka Prógíráàmù Kí Wọ́n Tó Gbé E Ṣiṣẹ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ NITDA

Sí Olùdarí Àgbà àti ìgbìmọ̀ aláṣẹ àjọ NITDA, tí ń mójú tó ìdàgbàsókè ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà. Ẹ̀dà rẹ̀ sí àjọ NUC, tí ń ṣàkóso àwọn yunifásítì.



Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni lẹ́tà yìí gbé wá síwájú yín. Prógíráàmù kọ̀ǹpútà, èyíinì ni àkójọ àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ohun tí ó ṣeé kà, tí ó ṣeé tú palẹ̀, tí ó sì ṣeé fi ìṣirò jẹ́rìí sí kí ó tó ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Níbi tí ìjọba bá sì ti gbé irú prógíráàmù bẹ́ẹ̀ sí ojú ọ̀nà tí ará ìlú kò lè yà fún, bí ìdánwò àṣewọlé yunifásítì tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, kò yẹ kí ìjọba gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ ọ́ bí ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò bá bá a wá. Iṣẹ́ ìwádìí tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ti lé ní ogójì ọdún. Static analysis ni àwọn òyìnbó ń pè é. Àyẹ̀wò àkàyé ni lẹ́tà yìí yóò máa pè é, nítorí pé bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ka àyọkà inú ìdánwò Yorùbá, tí ó sì ń dáhùn ìbéèrè láti inú ohun tí ó kà nìkan, ni àyẹ̀wò yìí ṣe ń ka prógíráàmù láìmú un ṣiṣẹ́ rárá.

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ tí àwọn tí ń kọ prógíráàmù fi ń yẹ iṣẹ́ wọn wò ni dídán an wò: wọn a gbé iye kan fún un, wọn a wo ohun tí ó dá padà, wọn a tún gbé òmíràn fún un, títí tí àkókò tàbí owó yóò fi tán. Ọ̀nà náà dára, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí yóò ní kí wọ́n pa á tì, ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ó bá ṣe kòńgẹ́ nìkan ni ó lè fi hàn. Agbára rẹ̀ kò ká a láti fi hàn pé àṣìṣe kò sí. Kí a mú prógíráàmù kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó ro nọ́ńbà méjì pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ oníbíìtì 32. Bíìtì ni ẹyọ tí ó kéré jù lọ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, ipò méjì péré ni ó sì lè wà, bí ojú ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí ó lè ṣíjú tàbí kí ó dojúdé. Ojú ọ̀pẹ̀lẹ̀ mẹ́jọ ni ó bí 256 Odù tí àwọn babaláwo mọ̀. Bí ojú náà bá di 16, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà balẹ̀ yóò di 65,536. Bí ó bá sì di 64, bí ó ti rí fún nọ́ńbà méjì oníbíìtì 32, ọ̀nà náà yóò ju bílíọ̀nù 18 ní ìlọ́po bílíọ̀nù kan lọ. Ẹ̀rọ tí ó bá ń dán bílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò lo nǹkan bí 584 ọdún kí ó tó dán gbogbo rẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ ìròpọ̀ lásán ni èyí, kò tíì kan prógíráàmù tí ń fún ọmọ ènìyàn ní máàkì tàbí tí ń yọ owó kúrò nínú àpò rẹ̀.

Àwọn àṣìṣe kan sì wà tí ọjọ́ pípẹ́ nìkan ń tú síta. Ní ọdún 2015, àjọ FAA, tí ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ fún àwọn tí ń lo ọkọ̀ òfuurufú Boeing 787 pé kí wọ́n máa pa iná rẹ̀ lóòrèkóòrè, nítorí pé òǹkà kan wà nínú ẹ̀rọ tí ń ṣàkóso jẹnẹrétọ̀ inú ọkọ̀ náà, tí yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀ bí iná bá wà lórí rẹ̀ fún 248 ọjọ́ láìdákẹ́, tí ọkọ̀ náà sì lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù iná jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìbáà jẹ́ lójú òfuurufú. Òótọ́ ni pé ilé ìdánwò ni wọ́n ti rí i, kò sì tíì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2011 ni ọkọ̀ náà ti ń gbé èrò, tí òǹkà náà sì wà nínú kóòdù rẹ̀, èyíinì ni àṣẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ náà, fún ẹni tí ó bá lè kà á.

Ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 ni ó yẹ kí aláṣẹ mọ̀ délẹ̀ ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Kourou, ní Guyana ti ilẹ̀ Faransé ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì ru sátẹ́láìtì mẹ́rin tí wọ́n pè ní Cluster, tí wọ́n ṣe láti fi wádìí agbára òòfà tí ó yí ayé ká. Nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tí ètò ìgbéra bẹ̀rẹ̀, ní gíga bí 3,700 mítà, ó ṣẹ́rí kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ó fọ́, ó sì gbiná. Ìgbìmọ̀ olùwádìí, tí onímọ̀ ìṣirò Jacques-Louis Lions jẹ́ alága fún, gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù keje ọdún náà. Nínú ẹ̀rọ tí ń wọn ìdúró àti ìrìn rọ́kẹ́ẹ̀tì, prógíráàmù máa ń gba nọ́ńbà onídẹ́símà kan tí ó wà nínú bíìtì 64, tí ó sì tan mọ́ bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára lọ sí ìbú, yóò sì sọ ọ́ di odidi nọ́ńbà oníbíìtì 16. Odidi nọ́ńbà oníbíìtì 16 tí ó ní àyè fún iye òdì àti iye ojúlówó kò lè ju 32,767 lọ, ẹni tí ó bá sì da gàrí kóńgò mẹ́ta sínú kóńgò kan mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Àkúnwọ́sílẹ̀ yìí ni ẹ̀rọ náà kò rí nǹkan ṣe sí ju kí ó pa ara rẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n fi ṣe adìípò fún un sì ti kú ṣáájú rẹ̀, ní ohun tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, nítorí pé prógíráàmù kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń lò.

Àwọn tí ó kọ prógíráàmù náà kì í ṣe aláìbìkítà, èyí ni ó sì mú ọ̀rọ̀ náà dunni jù. Nọ́ńbà méje ni wọ́n mọ̀ pé ó lè kún àkúnwọ́sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ààbò sí mẹ́rin, wọ́n sì fi mẹ́ta sílẹ̀, nítorí pé wọ́n ti pinnu pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà kò gbọdọ̀ ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti rò ó jinlẹ̀ pé mẹ́ta yẹn kò lè tóbi tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n rò, fún Ariane 4, rọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ fún. Ariane 5 ń yára lọ sí ìbú ju Ariane 4 lọ gan-an lẹ́yìn ìgbéra, kò sì sí ẹni tí ó gbé ìrònú àtijọ́ náà wò lójú ìrìn tuntun yìí. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé ìdí tí wọ́n fi fi mẹ́ta náà sílẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú kóòdù fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, apá prógíráàmù tí ó ṣe jàǹbá yìí kò wúlò fún Ariane 5 mọ́ bí ó bá ti kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni Alain Deutsch, ní ilé ìwádìí INRIA ní ilẹ̀ Faransé, fi àyẹ̀wò àkàyé ka prógíráàmù Ariane, iṣẹ́ tí ó sì bí ilé-iṣẹ́ PolySpace ní 1999.

Ìmọ̀ tí Deutsch lò ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìjàǹbá náà ní nǹkan bí ogún ọdún. Ní 1977, Patrick Cousot àti Radhia Cousot, tọkọtaya onímọ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Grenoble, gbé ìwé jáde lórí ohun tí ó ṣeé pè ní ìtumọ̀ afòyemọ̀. Afòyemọ̀ nínú gírámà Yorùbá ni ọ̀rọ̀-orúkọ ohun tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò sì lè dì mú, bí ìwà tàbí ìfẹ́. Ní ti prógíráàmù, ó túmọ̀ sí pé kí a fi iye gan-an sílẹ̀, kí a di ohun tí ó jẹ́ òótọ́ nípa gbogbo iye mú. Kí a wo afárá kan tí wọ́n fi ọ̀pá irin dábùú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní gíga mítà mẹ́rin. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ kankan yóò forí gbá ọ̀pá náà kò ní láti jókòó síbẹ̀ kí ó máa wọn ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ayé. Bí ó bá lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ ti ń wọ ọ̀nà náà pé èyí tí ó ga jù kò lè ju mítà mẹ́ta ààbọ̀ lọ, ó ti mọ̀ nípa gbogbo ọkọ̀, àtèyí tí ó ti kọjá àtèyí tí wọn kò tíì ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àyẹ̀wò náà ṣe ń di ààlà mú fún orúkọ kọ̀ọ̀kan tí prógíráàmù fi ń tọ́jú iye, láti iye tí ó kéré jù dé iye tí ó tóbi jù, tí ó sì ń gbé ààlà náà gba inú àṣẹ kọ̀ọ̀kan kọjá: ohun tí ó wà láàárín 0 àti 100, bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, yóò wà láàárín 0 àti 300, láìsí pé ẹnikẹ́ni dán ẹyọ kan wò nínú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí prógíráàmù bá ti ń yípo, tí àṣẹ kan náà ń padà ṣiṣẹ́ láìmọye ìgbà, nítorí pé níbẹ̀ ààlà náà lè máa gbòòrò láìdúró, kí àyẹ̀wò sì máa tẹ̀ lé e láìparí. Ọgbọ́n tọkọtaya Cousot hàn níbẹ̀ ju ibikíbi lọ: wọ́n fi ìṣirò hàn bí a ṣe lè na ààlà náà jáde lẹ́ẹ̀kan náà dé ibi tí kò ti ní lè kọjá mọ́, kí a sì tún fà á wọlé díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà láìjẹ́ kí iye kan ṣoṣo tí ó lè wáyé bọ́ síta. Ní 1978, Patrick Cousot àti Nicolas Halbwachs fi ọ̀nà mìíràn kún un, èyí tí ó lè di ìbátan láàárín orúkọ púpọ̀ mú, irú bíi pé iye tí a yọ kò lè ju iye tí ó wà nílẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń ṣe ìṣirò owó ará ìlú yóò mọ bí irú ìbátan bẹ́ẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó.

Owó kan wà tí ìmọ̀ yìí ń san. Alan Turing ti fi hàn ní 1936 pé kò sí ìlànà ìṣirò tí ó lè wo prógíráàmù èyíkéyìí kí ó sì sọ, láìkùnà, bóyá iṣẹ́ rẹ̀ yóò parí. Henry Gordon Rice sì fi hàn ní 1953 pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ìbéèrè yòówù tí ó bá nítumọ̀ nípa ohun tí prógíráàmù ń ṣe. Nítorí náà ẹni tí ó bá ṣe irinṣẹ́ àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ yan ibi tí irinṣẹ́ rẹ̀ yóò ti máa ṣàṣìṣe. Irú èyí tí lẹ́tà yìí ń gbè lẹ́yìn yàn pé òun yóò fọn fèrè nígbà mìíràn níbi tí ewu kò sí, kí òun má bàa dákẹ́ níbi tí ewu wà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi mítà mẹ́rin àti díẹ̀ ṣe ààlà ọkọ̀ lórí afárá wa yẹn, tí ó wá kìlọ̀ nípa ọkọ̀ tí kò sí lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ kan náà lọ́jà yan ọ̀nà kejì: wọ́n ń tọ́ka sí àṣìṣe tí ó dá wọn lójú, wọ́n sì ń dákẹ́ lórí ìyókù. Wọ́n wúlò púpọ̀. Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ wọn kì í ṣe ẹ̀rí, ó sì yẹ kí aláṣẹ tí ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn mọ ìyàtọ̀ náà dájú, nítorí pé ẹni tí ó ń tajà lè má sọ ọ́ fún un.

Àwọn kan máa ń wí pé ìkìlọ̀ asán yóò pọ̀ débi pé kò ní sí ẹni tí yóò kà á. Irinṣẹ́ àyẹ̀wò kan tí ń jẹ́ Astrée ti dá wọn lóhùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001 ni Patrick Cousot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní École Normale Supérieure ní Paris bẹ̀rẹ̀ irinṣẹ́ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, ó ka prógíráàmù tí ń darí ìfò ọkọ̀ òfuurufú Airbus A340, 132,000 ìlà ní èdè ìkọ prógíráàmù tí ń jẹ́ C, ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò sí àkúnwọ́sílẹ̀ tí ó léwu nínú rẹ̀, kò sí ibi tí yóò ti fi òdo pín nọ́ńbà, kò sì sí ibi tí yóò ti na ọwọ́ sí ìrántí tí kì í ṣe tirẹ̀. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni ó lò, lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, pẹ̀lú 300 mẹ́gábáìtì ìrántí. Wọn kò dé ibẹ̀ nípa pípa ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́. Wọ́n ń wá ìdí ìkìlọ̀ asán kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ́ Astrée ní ìṣirò tí ó bá irú prógíráàmù náà mu, bí irú asẹ́ onínọ́ńbà tí àwọn ẹlẹ́rọ ọkọ̀ òfuurufú fi ń yọ gbígbọ̀n kúrò nínú iye tí ẹ̀rọ wọ̀n fún wọn, títí tí irinṣẹ́ náà fi lóye ohun tí ó ń kà. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti nà án dé orí A380, ilé-iṣẹ́ AbsInt ní Saarbrücken ní Jámánì sì ni ó ń tà á láti 2009.

Nǹkan wà tí àyẹ̀wò yìí kò lè ṣe, òtítọ́ sì béèrè pé kí a sọ ọ́. Bí òfin tí a fi ń fúnni ní máàkì bá wọ́, àyẹ̀wò àkàyé lè jẹ́rìí pé ẹ̀rọ kò ní kú nígbà tí ó bá ń tẹ̀ lé òfin wíwọ́ náà, kò sì ní mọ̀ pé ó wọ́ bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ èyí tí ó tọ́ sílẹ̀ fún un. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 tún fi ààlà mìíràn hàn. Àjọ JAMB, tí ń ṣètò ìdánwò àṣewọlé yunifásítì tí wọ́n ń pè ní UTME, kéde nígbà náà pé 379,997 akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n jókòó ní ibùdó 157 ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ìlà-oòrùn gúúsù, ní láti tún ìdánwò náà ṣe, nítorí pé àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí prógíráàmù náà kò dé orí àwọn kọ̀ǹpútà tí ń gbé ìdánwò fún àwọn ibùdó wọ̀nyẹn. Olórí àjọ náà jáde sí gbangba, ó gba ẹ̀bi, ó sì tọrọ àforíjì, ìwà tí ó yẹ kí a yìn. Kò sí àyẹ̀wò tí ìbá rí èyí nínú kóòdù nìkan, torí pé kóòdù tuntun lè mọ́ tónítóní kí èyí tí ó wà lórí ẹ̀rọ sì jẹ́ ti àtijọ́. Ẹni tí ó bá fi í wé Ariane 5 yóò rí i pé ìbátan ni àwọn méjèèjì: ní Kourou, prógíráàmù àtijọ́ bá ara rẹ̀ nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, ní Èkó, ó bá ara rẹ̀ nínú ìdánwò tí ìlànà rẹ̀ ti yí padà. Nítorí èyí, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ so mọ́ ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, ó sì ṣeé so mọ́ ọn nípa òǹtẹ̀ ìṣirò, èyíinì ni nọ́ńbà kan tí a ṣírò láti inú gbogbo prógíráàmù, tí yóò yí padà bí ẹyọ lẹ́tà kan bá yí padà, tí ibùdó kọ̀ọ̀kan sì lè fi wé èyí tí a fọwọ́ sí kí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tó jókòó.

Agbára láti béèrè èyí ti wà lọ́wọ́ yín, nítorí pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá fẹ́ gbé ṣe ń kọ́kọ́ wá gba àṣẹ lọ́dọ̀ NITDA. Ohun tí lẹ́tà yìí ń tọrọ ni pé kí ó di ara àṣẹ náà pé ẹni tí ó bá kọ prógíráàmù tí ará ìlú kò lè kọ̀ gbọ́dọ̀ fi kóòdù rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́, pẹ̀lú àbọ̀ àyẹ̀wò àkàyé tí kò fojú fo ibì kankan, kí gbogbo ìkìlọ̀ tí irinṣẹ́ náà fọn sì wà nínú àbọ̀ náà, kí wọ́n sì kọ ìdí tí wọ́n fi ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìkìlọ̀ asán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí irú ìrònú tí ó sọnù nínú Ariane má bàa sọnù níbí. Kò pọn dandan kí ó bẹ̀rẹ̀ lórí ohun gbogbo. Apá tí ń ṣírò máàkì àti apá tí ń ṣírò owó tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Owó irinṣẹ́ kò sì lè jẹ́ àwáwí, nítorí pé Frama-C, tí ilé ìwádìí CEA àti INRIA jọ ṣe fún prógíráàmù èdè C, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ń náni ju owó lọ ni ènìyàn tí ó mọ̀ ọ́n lò.

Èyí ni ó mú kí ẹ̀dà lẹ́tà yìí lọ sọ́dọ̀ NUC. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ tàbí ní Èkó lè ṣe irinṣẹ́ kékeré tí ń di ààlà mú fúnra rẹ̀ láàárín sáà ẹ̀kọ́ kan, bí olùkọ́ bá jókòó tì í, kò sì nílò ju kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ìṣirò tí wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ. Radhia Cousot, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé 1977 tí gbogbo ìmọ̀ yìí dúró lé, tí ó sì di olóògbé ní 2014, ọmọ Áfíríkà ni: ní Sakiet Sidi Youssef, ìlú kékeré kan lẹ́bàá ààlà Tùnísíà àti Àlùjíríà, ni wọ́n bí i sí. Bí NUC bá sọ àyẹ̀wò àkàyé di iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí ó tó gboyè, tí NITDA sì fún àwọn yunifásítì láyè láti ka kóòdù tí ìjọba ti gbà, àwọn tí yóò máa kọ àbọ̀ yìí yóò wà nílé.

Prógíráàmù tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí ni èyí tí ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì UTME, kí wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ àti òǹtẹ̀ ìṣirò rẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn kí ìdánwò tí ó kàn tó bẹ̀rẹ̀.